Mo fẹ́ bá wọn gun Manaslu lọ́dún tó ń bọ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó sanwó

Akin_Salford · Ọjọ́ Àìkú, 9:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, mi ò sì dá sí i rí. Ọ̀ràn kan ló gbé mi dìde lónìí.

Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà ní Salford. Lọ́dún tó kọjá, èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì lọ gun Kilimanjaro ní Tanzania, a sì dé ṣóńṣó rẹ̀, mítà 5,895. Orí fọ́ mi díẹ̀ ní alẹ́ tó kẹ́yìn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Látìgbà náà ni ọkàn mi ò ti sí nílẹ̀ mọ́. Tí mo bá wà ní ìsinmi ọ̀sán, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, fọ́tò òkè ni mò ń wò.

Iléeṣẹ́ kan ní Kathmandu ti wá kọ̀wé sí mi pé àwọn lè mú mi lọ sí Manaslu ní Nepal, lóṣù kẹsàn-án ọdún tó ń bọ̀. Òun ni ìkẹjọ nínú àwọn òkè tó ga jù láyé, mítà 8,163. Dọ́là 13,500 ni wọ́n ní kí n san, àti oúnjẹ, àti àgọ́, àti ìgò ọ́síjìn mẹ́ta, àti Sherpa kan, ìyẹn amọ̀nà láti inú ẹ̀yà tó ń gbé lágbègbè àwọn òkè yẹn, tí yóò máa bá mi rìn. Wọ́n ní kí n san ìdá kan nínú mẹ́ta kí oṣù yìí tó parí torí àyè méjì péré ló kù. Wọ́n ní ẹni tó bá ti gun Kilimanjaro ti yege, pé nínú àwọn òkè 14 tó ga ju mítà 8,000 lọ, Manaslu ló rọrùn jù.

Owó náà wà lọ́wọ́. Ìyàwó mi ò tíì mọ̀. Kí lẹ rí sí i?

ỌmọÌdànrè · 9:52 alẹ́

"Ìyàwó mi ò tíì mọ̀." Bọ̀dá, òkè tí ẹ máa kọ́kọ́ gùn nìyẹn o.

Alhaji_Bódìjà · 10:15 alẹ́

Akin ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Mi ò lè ṣàì sọ tèmi. Dọ́là 13,500! Owó pílọ́ọ̀tì ilẹ̀ nìyẹn lọ́dọ̀ wa níbí, ìwọ wá fẹ́ fi ra òtútù. Nínú ìwé tí wọ́n kọ sí ọ, ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé wọ́n á dá owó padà tí o kò bá dé orí òkè?

Akin_Salford · 10:31 alẹ́

Ẹ ṣé, Alhaji sà. Kò síbẹ̀ o. Wọ́n kọ ọ́ gbàgàdà pé owó tó bá ti wọlé kì í jáde mọ́. Ṣùgbọ́n sà, ẹlòmíì á ra mọ́tò, ẹlòmíì á fi ṣe ìnáwó ọjọ́ ìbí. Òkè ló gba ọkàn tèmi.

Ẹ̀gbọ́nLáyí_Glasgow · Ọjọ́ Ajé, 6:05 àárọ̀

Akin, dúró ná. Má tíì san kọ́bọ̀.

Mo ti lọ sí Manaslu, lọ́dún 2023. Mi ò dé orí rẹ̀. Àgọ́ Kẹta nínú mẹ́rin tí wọ́n ń pa sójú ọ̀nà òkè náà ni mo ti yí padà, nǹkan bíi mítà 6,800. Torí náà, ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe àgbọ́sọ.

Ọ̀rọ̀ "ó rọrùn" yẹn, kí ni wọ́n ń fi í wé? Tí wọ́n bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ K2 tàbí Annapurna, wọn ò parọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2012, yìnyín ya láti òkè lóru, ó bo àwọn tó sùn sínú àgọ́ mọ́lẹ̀, èèyàn 11 ló kú. Lọ́dún 2022 ó tún ya lu àwọn tó wà lójú ọ̀nà láàárín Àgọ́ Kẹta àti Ìkẹrin. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Hilaree Nelson, ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ àgbà nínú iṣẹ́ yìí, ṣubú nítòsí ṣóńṣó òkè náà bó ṣe ń fi ski sọ̀ kalẹ̀. Òkè tó rọrùn nìyẹn.

Kilimanjaro, ẹsẹ̀ lo fi rìn ín. O ò so okùn mọ́ ìbàdí, o ò de irin eléyín mọ́ abẹ́ bàtà. Ní Manaslu, láti Àgọ́ Kìíní lọ sí Ìkejì, ògiri yìnyín ni wàá máa dojú kọ. Wọ́n ti ta okùn sí i látòkè. Irin kan wà tí wọ́n ń pè ní jumar, wàá fi há okùn yẹn, ó máa ń lọ sókè, kì í padà wálẹ̀, òun ni wàá fi máa fa ara rẹ. Níbi tí yìnyín bá ti la kòtò, wọ́n á fi àkàbà dábùú rẹ̀. Ìwọ tó o de irin mọ́ bàtà á máa wá ibi tí eyín irin náà á ti bọ́ sáàárín ọ̀pá àkàbà, ojú rẹ á sì máa wo ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ yẹn dúdú ni. Mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń de irin yẹn mọ́ bàtà ní àgọ́ ìsàlẹ̀, ọjọ́ méjì kí a tó gbéra. Ó ti san owó tó ju tèmi lọ.

Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe yí padà, torí ó ṣì ń bá mi jí lóru nígbà míì.

Iléeṣẹ́ tí mo bá lọ (mi ò ní dárúkọ wọn) ní Sherpa kan fún èèyàn kan. A dé abúlé Samagaun, a bá ọ̀kan péré fún àwa mẹ́ta. Nígbà yẹn owó ti lọ. Gbogbo ọ̀sẹ̀ tí a fi wà ní àgọ́ ìsàlẹ̀, òjò àti yìnyín ló ń rọ̀, torí oṣù kẹsàn-án, òjò ilẹ̀ Éṣíà yẹn kì í tíì tán. A gòkè, a sọ̀, a tún gòkè, kí ara lè mọ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lára. Títí dé Àgọ́ Kejì, mo lè ní ara mi ò kọ̀ ọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ tó yẹ ká kúrò ní Àgọ́ Kẹta lọ sí Ìkẹrin, mo jókòó láti wọ bàtà. Mo wọ ọ̀kan. Mo wo èkejì lọ́wọ́ mi, mi ò mọ ẹsẹ̀ tó ni ín. Mi ò sùn o, ojú mi là sílẹ̀. Mo kàn ń yí bàtà yẹn lọ́wọ́ ni. Amọ̀nà wa yọjú sínú àgọ́, ó ti pẹ́ tó ti ń retí mi. Ó wò mí, ó wá bi mí pé kí lorúkọ ọmọ mi àkọ́kọ́. Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó bọ́ sí mi lẹ́nu. Kò sọ nǹkan míì. Ó bá mi wọ bàtà kejì, ó so mí mọ́ ara rẹ̀, ó ní ìsàlẹ̀ là ń lọ.

Mo bínú sí i títí a fi dé Àgọ́ Kìíní. Ibẹ̀ lorí mi ti wálẹ̀, tí mo rí i pé ọpọlọ mi ló ti ń wú lọ. Tó bá jẹ́ pé òun náà ń lépa kí iléeṣẹ́ rẹ̀ lè ka iye èèyàn tó dé òkè, mi ò ní máa tẹ nǹkan yìí.

ỌmọÌdànrè · 6:40 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ni o, ẹnu mi wọhò.

ÌyáÌbejì_Leeds · 7:22 àárọ̀

Ẹ kú ewu, bọ̀dá Láyí. Nọ́ọ̀sì ni mí, kì í ṣe dókítà òkè, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí kò tíì sẹ́ni tó bi Akin, bẹ́ẹ̀ àwa gan-an ló yẹ ká kọ́kọ́ bi ara wa. Àbúrò, kí ni jínótáìpù rẹ? Ṣé ó wà nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún ọ?

Akin_Salford · 7:30 àárọ̀

AS ni mí, àǹtí. Kò sí nínú fọ́ọ̀mù. Ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n béèrè. Ṣé kì í ṣe SS nìkan lọ̀rọ̀ kàn ni?

ÌyáÌbejì_Leeds · 8:03 àárọ̀

SS, ìyẹn àwọn tó ní fòníkú-fọ̀ládìde, kí wọ́n má tilẹ̀ dán an wò. AS yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ AS ló ń gun òkè tí nǹkan kan kì í ṣe wọ́n, ìwọ náà sì ti gun Kilimanjaro. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ táwọn dókítà ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé níbi tí ọ́síjìn bá ti dínkù gan-an, ẹ̀jẹ̀ AS náà lè tẹ̀ bíi dòjé, kó dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sínú spleen, ẹ̀yà ara kan tó fara sin sábẹ́ ìhà òsì. Apá ibẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í kú.

Bó ṣe máa ń ṣe èèyàn ni pé ìhà òsì á máa dùn ún bíi pé wọ́n fi ọ̀bẹ gún un, ó lè gba èjìká òsì, èébì lè tẹ̀ lé e. Lórí òkè, ẹni tí kò mọ̀ á ní oúnjẹ ló bà á nínú jẹ́. Ohun tó gbà ni kí wọ́n tètè gbé e sọ̀ kalẹ̀, kó gba ọ́síjìn, kó mu omi. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí kò mọ̀ pé AS làwọn títí dọjọ́ yẹn.

Mi ò ní kó o má lọ. Lọ rí dókítà ẹ̀jẹ̀ kó o tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, kí amọ̀nà rẹ sì gbọ́ ọ láti ẹnu rẹ kẹ́ ẹ tó kúrò ní Kathmandu. Ìnṣọ́ránsì náà ńkọ́? Tó o bá fi AS pamọ́ fún wọn, wọ́n lè kọ̀ láti sanwó hẹlikọ́pítà lọ́jọ́ tó o bá nílò rẹ̀.

ỌmọÌdànrè · 8:10 àárọ̀

Wọ́n béèrè jínótáìpù ká tó fẹ́yàwó, òkè náà ti ń béèrè báyìí.

Tinúkẹ́_Houston · 2:48 ọ̀sán

Mo ń ka gbogbo rẹ̀ níbi iṣẹ́, mi ò lè dákẹ́ mọ́. Akin, ẹ má jẹ́ kí inú yín bàjẹ́. Himalaya kì í ṣe mítà 8,000 nìkan.

Lọ́dún 2022 mo lọ gun Mera Peak, mítà 6,476, ó fi bíi 600 mítà ga ju Kilimanjaro yín lọ. Bàálù kékeré gbé wa lọ sí Lukla. Pápákọ̀ òfurufú yẹn, ojú ọ̀nà bàálù ibẹ̀ kò ju mítà 527 lọ, ó dagun, òkè ló parí sí lápá kan, ọ̀gbun lápá kejì. Kò séyìí tí kò ké pe Ọlọ́run nínú bàálù náà, kálukú pẹ̀lú èdè rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi rìn dé Khare, abúlé tó wà lẹ́sẹ̀ òkè náà, torí ìlànà wọn ni pé tó o bá ti kọjá mítà 3,000, ibi tó o máa sùn sí kò gbọ́dọ̀ fi ju 500 mítà ga ju ti àná lọ, kí ẹ sì fi ọjọ́ kan sinmi lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ní Khare ni wọ́n ti fún wa ní ọjọ́ kan gbáko láti fi irin eléyín rìn lórí yìnyín, láti fi jumar gòkè, ká sì fi okùn sọ̀. Mo ṣubú tó ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ibi téèyàn ti lè ṣubú láìkú ló dáa láti ti kọ́ ọ.

Ọjọ́ tí a dé orí rẹ̀, òkè márùn-ún tó ju 8,000 lọ là ń wò níwájú: Everest, Lhotse, Makalu, Cho Oyu, àti Kangchenjunga tó jìnnà sọ́hùn-ún. Ẹkún gbọ̀n mí. Omijé dì sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́.

Ẹ̀rín díẹ̀: oògùn Diamox tí wọ́n fi ń ran ara lọ́wọ́ lórí òkè, tí ẹ bá ń lò ó, ẹ má ra Fanta. Ṣe ló máa ń pa adùn gáàsì inú rẹ̀ lẹ́nu èèyàn. Mo fi owó gidi ra ìgò Fanta kan lójú ọ̀nà, ó dà bí omi tí wọ́n fi fọ ọsàn. Ìka ọwọ́ á tún máa ta yín gìrìgìrì. Àwọn tí ara wọn kọ oògùn sulfa, kí wọ́n bi dókítà kí wọ́n tó fẹnu kàn án.

Ẹ sì gbọ́ o, àwọn Sherpa ń sọ ọmọ lórúkọ ọjọ́ tí wọ́n bí i! Dawa ni ọmọ Ọjọ́ Ajé, Lhakpa ni ti Ọjọ́rú, Pasang ni ti Ọjọ́ Ẹtì, Nyima ni ti Ọjọ́ Àìkú. Nígbà tí mo sọ fún amọ̀nà wa pé àwa náà ní Bọ́sẹ̀ àti Jímọ̀ọ́, ó rẹ́rìn-ín títí. Láti ọjọ́ yẹn, Bọ́sẹ̀ ló ń pè mí, torí Àìkú ni wọ́n bí mi.

Délé_Ìkẹjà · 5:17 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, páspọ́ọ̀tù wo lẹ ní? Ẹni tó ní ti Britain tàbí ti Amẹ́ríkà lè gba físà ní pápákọ̀ Kathmandu tó bá débẹ̀, dọ́là 50 fún ọjọ́ 30, dọ́là 125 fún ọjọ́ 90. Manaslu á ju ọjọ́ 30 lọ, ẹ múra sílẹ̀ fún 125. Àwa tá a ní ewé wa yìí, Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí wọn kì í fún ní físà ní pápákọ̀. Ọ́fíìsì aṣojú wọn lẹ ti gbọ́dọ̀ gbà á kẹ́ ẹ tó wọ bàálù. Èmi kò mọ̀ nígbà tí mo ra tíkẹ́ẹ̀tì tèmi. Ẹ má bi mí léèrè bó ṣe parí.

Akin_Salford · 6:02 ìrọ̀lẹ́

Ewé ni tèmi náà o, bọ̀dá Délé! Mi ò tíì gba ti Britain. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi ń bèèrè níbí. Iléeṣẹ́ yẹn ní físà kì í ṣe wàhálà rárá.

Alhaji_Bódìjà · 8:44 alẹ́

Ìbéèrè tèmi yàtọ̀. Mo wo fídíò kan tí wọ́n ti ń sun ewé, tí àlùfáà wọn ń ka nǹkan, tí àwọn tó fẹ́ gun òkè kó àáké àti irin tí wọ́n ń dè mọ́ bàtà jọ síwájú òkìtì òkúta kan. Tinúkẹ́, ìwọ náà ṣe é? Ọmọ Mùsùlùmí ni Akin, ó kéré tán orúkọ bàbá rẹ̀ tí mo mọ̀ fi hàn bẹ́ẹ̀.

Tinúkẹ́_Houston · 9:20 alẹ́

Puja ni wọ́n ń pè é, Alhaji. Ẹ̀sìn Búdà ni. Kí wọ́n tó gòkè ni wọ́n ń ṣe é, láti tọrọ àyè lọ́wọ́ òkè. Ìjọ Ìrìbọmi lèmi ń lọ, mo jókòó sẹ́yìn, mo ń gba àdúrà tèmi sínú. Wọ́n bu ìyẹ̀fun bálì fún wa láti fi pa ara wa lẹ́rẹ̀kẹ́, mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ mi, kò sẹ́ni tó bínú. Mo rí ọmọ Malaysia kan, Mùsùlùmí, òun náà jókòó nítòsí mi. Ohun tó máa dun àwọn Sherpa ni tí ẹ bá ń fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà tàbí tí ẹ bá gòkè kí wọ́n tó parí rẹ̀. Ẹ̀mí tiwọn ni wọ́n ń fi sílẹ̀ níwájú wa.

Ẹ̀gbọ́nLáyí_Glasgow · 9:58 alẹ́

Mo ti gbà pẹ̀lú Tinúkẹ́. Kí Alhaji tún gbọ́ èyí: lọ́dún 1953 àwọn ará Japan lọ gbìyànjú Manaslu, wọn ò dé orí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà lọ́dún 1954, àwọn ará Samagaun dí wọn lọ́nà, wọ́n ní àwọn àlejò ló mú òkè bínú tí yìnyín fi ya lu ilé ẹ̀sìn àwọn tó sì pa èèyàn. Ṣe ni àwọn ará Japan yí ọ̀nà padà. Ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún ọdún 1956 ni Toshio Imanishi àti Gyalzen Norbu ṣẹ̀ṣẹ̀ wá débẹ̀. Ẹni tó bá ti rí Òkè'Bàdàn kò ní bi mí léèrè ìdí tí ará ìlú fi máa ń sọ pé òkè ló ni àwọn.

Akin_Salford · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:12 àárọ̀

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n jiyàn díẹ̀, ẹ má bínú. Mo ń rí àwọn tí kò gun ju òkè kan lọ, tí wọ́n lọ tààrà sí Manaslu, tí wọ́n débẹ̀, tí fọ́tò wọn wà lórí Instagram. James Kagambi ará Kenya, ẹni ọdún 62 ni nígbà tó dé orí Everest lọ́dún 2022. Mo jẹ́ ẹni ọdún 34. Ṣé kì í ṣe pé ẹ̀rù ti ń bà yín jù ni?

Tinúkẹ́_Houston · 1:35 ọ̀sán

Kagambi ti ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń gun òkè fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó lọ o! Ẹni ọdún 62 ni lóòótọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ òkè kí wọ́n tó bí ìwọ. Ẹ wo Saray Khumalo, obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó dé orí Everest. Lọ́dún 2014 tó kọ́kọ́ lọ, yìnyín pa àwọn òṣìṣẹ́ Nepal 16, wọ́n fagi lé e. Lọ́dún 2015, ilẹ̀ ríri. Lọ́dún 2017, ó kù díẹ̀ kó débẹ̀, ó fara pa, wọ́n gbé e wálẹ̀. Ọdún 2019 ló tó dé ibẹ̀.

Ẹ̀gbọ́nLáyí_Glasgow · 7:41 alẹ́

Mi ò bá ọ jiyàn, Akin, òótọ́ lo sọ, àwọn kan lọ tààrà tí wọ́n dé ibẹ̀. Okùn tí ẹlòmíì ta ni wọ́n dì mú, ọ́síjìn ló gbé wọn, Sherpa ló ru ẹrù wọn, ojú ọjọ́ sì dáa. Ìgbà tí ọ̀kan nínú mẹ́rin yẹn bá yẹ̀ lèèyàn ń mọ ohun tó mọ̀. Cheruiyot Kirui, ará Kenya kan náà, akínkanjú ni, ó mọ òkè, ó fẹ́ gun Everest láìlo ọ́síjìn lóṣù karùn-ún ọdún 2024. Òun àti Nawang Sherpa tó bá a lọ, wọn ò padà wálẹ̀.

Ẹ sì jẹ́ kí n ṣírò ìgò ọ́síjìn mẹ́ta tí wọ́n ṣèlérí fún ọ. Ìgò lítà 4 tí wọ́n fún ní 300 bar (ìwọ̀n bí wọ́n ṣe ki afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ tó), ọ́síjìn lítà 1,200 ló wà nínú rẹ̀. Tó o bá ń fa lítà 2 ní ìṣẹ́jú kan, wákàtí 10 ni. Tó o bá ń fa 4 torí pé ó rẹ̀ ọ́, wákàtí 5. Ọ̀kan lo máa fi sùn ní Àgọ́ Kẹrin. Méjì tó kù lo máa fi lọ tí wàá fi bọ̀. Tí èrò bá pọ̀ lójú okùn, tí ẹ dúró wákàtí méjì láìrìn, kí lo máa mí? Kọ̀wé sí wọn, bi wọ́n ní ìgò mélòó ló wà níbẹ̀ fún pàjáwìrì, ta ló gbé e, àgọ́ wo ló wà. Bi wọ́n ní orúkọ amọ̀nà tó máa bá ọ lọ, kì í ṣe orúkọ ọ̀gá tó ni iléeṣẹ́, kí wọ́n sì sọ iye ìgbà tó ti gun òkè náà. Ní 2025, Nepal ti ṣòfin pé lórí òkè tó bá ju mítà 8,000, amọ̀nà kan ó kéré tán fún èèyàn méjì, torí náà kí wọ́n má sọ fún ọ pé ẹ̀yin mẹ́ta lẹ máa pín ọ̀kan. Bi wọ́n ní aago mélòó ni wọ́n máa ń ní kí èèyàn yí padà bó ti wù kó sún mọ́ òkè tó, ta ló sì lágbára láti sọ ọ́. Tí wọ́n bá ní "ìwọ oníbàárà ló máa pinnu", sá.

Ohun tó kẹ́yìn: bi wọ́n ní iye tí wọ́n ń san fún àwọn alábàárù àti bí ẹrù tí wọ́n ń gbé fún wọn ṣe wúwo tó. Kò yẹ kó ju kílò 30 lọ. Tí owó iléeṣẹ́ kan bá dín gan-an sí ti àwọn tó kù, láti ara ẹnì kan ló ti dín.

ỌmọÌdànrè · 8:02 alẹ́

Mo ń kàwé nípa Manaslu yìí láti àná, ẹ ò sì sọ fún wa pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ní àwọn dé orí rẹ̀ kò débẹ̀! Lọ́dún 2021 wọ́n fi drone ya fọ́tò láti òfurufú, gbogbo ayé wá rí àwọn èèyàn tó tò sórí òkìtì kan tí wọ́n ń ya fọ́tò ìṣẹ́gun, bẹ́ẹ̀ ṣóńṣó gan-an wà níwájú wọn, eteetí yìnyín ló so wọ́n pọ̀. Láti 2022, àwọn tó ń kọ àkọsílẹ̀ òkè Himalaya kì í ka ẹni tó bá dúró ní òkìtì àkọ́kọ́ mọ́. Ó dà bí ẹni tó dúró sórí àtẹ̀gùn Ìdànrè tó ní òun ti dé ààfin Owá.

Ẹ̀gbọ́nLáyí_Glasgow · 8:15 alẹ́

Òótọ́ ni. Ibi tí wọ́n ti ń dúró yẹn, ó ti rẹ̀ wọ́n, okùn sì tán níbẹ̀ nígbà yẹn. Mi ò bú wọn. Àgọ́ Kẹta ni tèmi.

Akin_Salford · Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, 10:06 alẹ́

Mo padà dé o.

Mo kọ gbogbo ìbéèrè ẹ̀gbọ́n Láyí ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ yẹn. Èsì ìlà mẹ́ta ni wọ́n fún mi, ìlà kan nínú rẹ̀ ni pé àyè ti ku ẹyọ kan. Wọn ò fi orúkọ amọ̀nà kankan ránṣẹ́. Wọn ò dá mi lóhùn lórí ọ́síjìn pàjáwìrì. Lórí AS, wọ́n ní "kí n máa mu omi dáadáa".

Mo rí dókítà ìdílé wa, ó ti kọ̀wé sí dókítà ẹ̀jẹ̀ fún mi, wọ́n á pè mí lóṣù méjì. Mo sọ fún ìyàwó mi. Mi ò ní sọ gbogbo ohun tó sọ níbí. Kò pariwo. Ó ka ọ̀rọ̀ yín láti òkè dé ìsàlẹ̀ lórí fóònù mi, nígbà tó dé ibi tí bọ̀dá Láyí ti ń yí bàtà lọ́wọ́, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó lọ bu omi mu. Ó wá bi mí pé Mera tí àǹtí Tinúkẹ́ lọ yẹn, èló ni.

Torí náà, tí dókítà ẹ̀jẹ̀ bá gbà, Mera ni, oṣù kẹrin ọdún tó ń bọ̀, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ físà láti ìsinsìnyí. Lóṣù kìíní mo máa wá sí Scotland fún ọjọ́ márùn-ún láti kọ́ okùn àti irin eléyín. Manaslu ṣì wà lọ́kàn mi o, kí n má parọ́ fún yín.

Ìbéèrè kan ló kù. Àwọn bàtà tí wọ́n ń lò ní òtútù bẹ́ẹ̀, mo rí iye tí wọ́n ń tà á, ó fẹ́ẹ̀ pa mí. Ṣé kí n rà á ni, àbí kí n yá a ní Kathmandu?

Tinúkẹ́_Houston · 10:20 alẹ́

Thamel lẹ ti máa yá a, àdúgbò yẹn kún fún ṣọ́ọ̀bù. Ẹ wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ méjì kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ sì fi gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù náà lọ sókè sódò. Wọ́n fún mi ní òsì méjì.

Ẹ̀gbọ́nLáyí_Glasgow · 10:34 alẹ́

Nọ́ńbà ẹsẹ̀ mélòó ni ẹ? Tèmi 44 ni, ó wà nínú páálí níbí láti 2023. Tó o bá dé lóṣù kìíní, wá wọ̀ ọ́ wò. Mo ti fi bírò kọ "Ọ̀TÚN" àti "ÒSÌ" sínú rẹ̀.